Ọkà Bàbà, Báálì àti Ìkòkò Ìyá Apọntí

Ọ̀nà tí ó ti Iléṣà wá sí Adó-Èkìtì kọjá ní Ìtawúrẹ́, ó gba Àrámọ̀kọ, ó gba Ìgèdè, kí ó tó wọ ìlú Ìyìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, ilé ìpọntí International Breweries, tí olóyè oníṣòwò nì, Lawrence Ọmọlé, dá sílẹ̀ ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà Trophy. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tí ó bá ń kó ìgò bíà láti Iléṣà lọ sí Adó ti ń gba àárín Ìyìn kọjá. Bí a bá bèèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ bíà ń lò ní Nàìjíríà ní ọdún wọ̀nyẹn, ìdáhùn kan ṣoṣo ni: báálì, ọkà ilẹ̀ òtútù tí a máa ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì. Kò sí ẹni tí ó ń gbin báálì ní oko Ìyìn, kò sì sí ẹni tí ó ń gbìn ín ní oko Ìjẹ̀ṣà. Ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé e wá.

Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí tí òfin fi dé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de kíkó báálì híhù wọ orílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo ilé ìpọntí ni ó di dandan fún láti fi ọkà bàbà àti àgbàdo pọn bíà, kí wọ́n sì pọn ọ́n débi pé ẹni tí ó ti ń mu ún tipẹ́ kò ní fi ìfe lé orí tábìlì kí ó ní, “Èyí kọ́ ni ti àná.”

Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ràn ọtí kan, tí ohun tí a fi ń pọn ọ́n kò sì sí ní àrọ́wọ́tó, báwo ni yóò ṣe pọn irú rẹ̀? Àwọn ilé-iṣẹ́ bèèrè ìbéèrè yìí ní ọdún 1988 bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá apọntí ilẹ̀ Yorùbá ti dáhùn rẹ̀ nínú ìkòkò wọn kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ìpọntí sí Èkó. Ìtàn bí ìdáhùn wọn ṣe fara sin ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Èdè Yorùbá ya ẹmu sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí. Ara ọ̀pẹ ni ẹmu ti ń sun. Ọkùnrin ni ó ń gùn ún lọ dá a. Ipò ẹmu ga ní Èkìtì, kò sì sí ibi tí èyí ti hàn ju inú ìtàn Ògún ní Ìrè lọ. Wọ́n ní nígbà tí Ògún ti ojú ogun dé Ìrè, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi àpèjọ kan tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó rí akèrègbè lọ́tùn-ún, ó rí akèrègbè lósì, ṣùgbọ́n òfìfo ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ìbínú náà ni ó mú kí ó yọ idà sí àwọn ará ìlú, àbámọ̀ rẹ̀ ni ó sì mú kí ó wọ ilẹ̀ lọ.

Ọtí ọkà ní tirẹ̀ kì í sun láti ara igi. Ènìyàn ni ó ń pọn ọ́n, iṣẹ́ obìnrin sì ni ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àti jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí tí a fi ọkà bàbà pọn ni ọtí bàbà. Èyí tí a fi àgbàdo pọn ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àwọn ará àríwá ń pe irú rẹ̀ ní bùrùkùtù, àwọn ará Ẹdó àti Gánà ń pe òmíràn ní pìtó, àwọn ará Burkina Faso sì ń pe tiwọn ní dolo. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọn wọ́n jọ ara wọn.

Bí ìyá kan ní Ìyìn bá fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bí wọ́n ti ń pọn ọ́n ní àtijọ́, àgbàdo gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ ṣà. Yóò yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, nítorí pé èso tí ó ti kú kì í hù. Yóò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò da omi náà nù, yóò tẹ́ àgbàdo náà sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sínú agbọ̀n, yóò sì fi ewé bò ó. Yóò máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò sì máa tú u kí ó má baà gbóná jù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, èhù yóò ti yọ. Nígbà náà ni yóò sá a sí oòrùn kí ó gbẹ, kí ó má baà di igi àgbàdo mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí ó bá gbẹ tán, yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ omi, yóò sì gbé e ka iná. Yóò sẹ́ ẹ, yóò fi omi rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó kan díẹ̀, yóò tún gbé e padà sórí iná fún wákàtí púpọ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n bí oyin. Nígbà tí ó bá tutù, yóò bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí a pọn ṣáájú sí i. Ní ọjọ́ kejì, ìkòkò náà yóò ti máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú wọ̀nyí tí kò ní ìdí. Ẹni tí ó bá sẹ́ ògì mọ bí ọkà lásán ti ń kan. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọkà hù, ohun kan a máa jí nínú rẹ̀ tí ó ń sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe ohun náà ní ẹ́ńsáìmù. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń jẹ, òun ni ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Báálì híhù, tí àwọn apọntí òyìnbó ń pè ní mọ́ọ̀tì, kò ṣe ju èyí lọ. Iṣẹ́ kan náà ni; èso ni ó yàtọ̀.

Àwọn apọntí tí ń lo ọkà bàbà a tún máa fi ọwọ́ ra èhù àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Ìmọ̀ òde òní fi hàn pé ìṣe náà ní làákàyè nínú, nítorí pé májèlé kan tí ó jẹ́ ti ìdílé sáyánáìdì máa ń wà nínú èhù ọkà bàbà. Wọn kò ní ilé ìwádìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ó yẹ kí a jù nù.

Ọtí tí ó ń ti inú ìkòkò yìí jáde kò le. Nǹkan bí 3 nínú 100 ni agbára rẹ̀, nígbà tí bíà inú ìgò jẹ́ nǹkan bí 5, tí ògógóró sì lè tó 40 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọtí tí alágbàṣe lè mu ní ọ̀sán ni, kí ó sì tún padà sídìí ebè rẹ̀ láìta gọ́gọ́. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì nípọn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì dé etíkun wa kí àwọn ará Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, ìgbà kan wà tí kò sí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá rárá. Níhà àríwá, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ọkà bàbà rọrùn láti gbìn; níhà igbó, àgbàdo ni ó ń yára so. Apọntí tí ó bá mọ bí a ti ń mú ọkà bàbà hù kò ní ṣòro fún láti mú àgbàdo náà hù. Ó gba èso àjèjì, ó fi ìmọ̀ àtijọ́ lò ó, ọtí sì jáde. Bí a bá ń wá ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọkà mìíràn pọn irú ọtí tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí a dúró di ọdún 1988 kí a tó rí i.

Kí ni ó wá mú kí iyì ọtí yìí wọmi? Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo.

Èkínní ni ọtí líle láti òkè òkun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jíìnì láti Họ́láńdì àti Jámánì ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti ọdún 1877, parí pátápátá ní ọdún 1893, ọ̀nà ṣí fún oníṣòwò, ó sì ṣí fún jíìnì pẹ̀lú. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ C.M.S. gbógun ti òwò náà títí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lé e lórí ní ọdún 1909. Ní ọdún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, ní ilẹ̀ Faransé, láti dá òwò ọtí líle dúró ní Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀dá owó kárí ayé ní ọdún 1930 sí iwájú, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹmu se ògógóró, ìjọba sì ń mú wọn. Òfin kò de ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bí ó ti de ògógóró. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo ọtí ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà: ohun tí a ń pọn ní kọ̀rọ̀.

Èkejì ni ẹ̀sìn. Ní ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ó sì tàn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti káàkiri Èkìtì. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e kọ ọtí sílẹ̀, bí àwọn Mùsùlùmí ti kọ̀ ọ́ ṣáájú wọn. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti rí ilé tí ọtí tú ká mọ ìdí tí ìyá kan yóò fi fọ́ ìkòkò ọtí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí ìkòkò ti fọ́, ìmọ̀ bí a ti ń mú ọkà hù fọ́ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tí kò bá rí ìyá rẹ̀ kí ó tẹ́ ọkà sórí ewé kò lè kọ́ ọ nínú àlá.

Ẹ̀kẹta ni ìgò. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1949. Guinness ṣí ilé ìpọntí tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 1962. Bíà inú ìgò mọ́ kedere, ó tutù, ó lè wà fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́, ti òní kò sì yàtọ̀ sí ti àná. Ó sì fi hàn pé ẹni tí ó gbé e síwájú àlejò rí ọwọ́ họ orí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ta ni yóò tún máa bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún àlejò níbi ìgbéyàwó? Ìgò lé igbá kúrò lórí tábìlì.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní àkókò yìí gan-an ni àwọn tí wọ́n ni bíà inú ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sídìí ìkòkò ilé tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1880, ẹni tí ó bá fẹ́ pọn bíà nínú ilé rẹ̀ ní láti gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1963, Reginald Maudling, mínísítà ètò ìnáwó, pa òfin náà rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978, tí ó fi jẹ́ pé láti oṣù Kejì ọdún 1979, àgbàlagbà kan lè pọn gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún fún ìlò ilé rẹ̀ láìsan owó orí. Oṣù méjì péré ni ó wà láàárín ìgbà tí Carter fọwọ́ sí òfin yẹn àti ìgbà tí ilé ìpọntí Iléṣà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ni àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń pọn nílé? Púpọ̀ nínú wọn ń wá bí wọn yóò ṣe pọn irú bíà kan tí wọ́n fẹ́ràn nílé ọtí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíà pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò le wà lára èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yàn láàyò. Àìní ni ó sì fa apá kan nínú àìle rẹ̀: nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, tí ọkà wọ́n, ìjọba mú kí a dín agbára bíà kù, ahọ́n àwọn ènìyàn sì mọ́ ọn lára. Apọntí ilé tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ yóò tọ́ ọ wò, yóò ro irú ọkà tí ó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe yan án lórí iná tó, yóò ro ìwúkàrà àti omi rẹ̀, yóò pọn ọ́n, yóò tún un pọn, títí yóò fi sún mọ́ ọn. Ọgbọ́n yìí kò yàtọ̀ sí ti ìyá tí ó ń tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó bù ú fún oníbàárà. Àwọn òyìnbó ka ti wọn sí ìmọ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Tiwa wà lọ́wọ́ àwọn tí kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè.

Ibí yìí ni ọdún 1988 bá wa. Iye tí a ń ta epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ gidigidi ní ọdún 1986, owó ilẹ̀ òkèèrè kò tó ná mọ́, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. A ti àlìkámà mọ́ òde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1987; a ti báálì híhù mọ́ òde lẹ́yìn ọdún kan. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kan àwọn tí ń mu ọtí nìkan, nítorí pé Maltina, tí kò ní agbára ọtí, tí ó ti wà lórí àtẹ láti ọdún 1976, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, inú báálì kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bá ìṣòro mẹ́ta pàdé lójú ọ̀nà. Ìṣòro kìn-ín-ní ni ti ooru. Sítáàṣì inú báálì ń rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ọkà bàbà kì í rọ̀ dáadáa títí ooru yóò fi kọjá 70. Kí ó tó rọ̀ tán, ooru náà yóò ti máa pa ẹ́ńsáìmù tí ó yẹ kí ó sọ ọ́ di ṣúgà. Ìṣòro kejì ni pé ọkà bàbà kò ní èèpo líle bí ti báálì, èyí tí ó máa ń ṣe iṣẹ́ asẹ́ nínú ìkòkò ńlá, nítorí náà omi rẹ̀ kì í tètè jò. Ìṣòro kẹta ni pé ẹ̀yà kan nínú ẹ́ńsáìmù tí ó pọ̀ nínú báálì híhù kò pọ̀ nínú ọkà bàbà híhù.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ojú sí iṣẹ́ náà. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà ní Òshòdì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, wà lára wọn. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, ní irúgbìn ọkà bàbà kan tí a ń pè ní SK 5912, èyí tí ó yẹ fún mímú hù ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní Edinburgh, Ọ̀jọ̀gbọ́n Geoff Palmer, ọmọ Jàmáíkà tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìpọntí ní Yunifásítì Heriot-Watt, ṣe ìwádìí lórí ọkà bàbà pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a dán wò nínú yàrá ìwádìí rí báyìí: a ó pò ọkà híhù mọ́ omi, a ó jẹ́ kí ó tòrò, a ó rọra da omi òkè rẹ̀, níbi tí ẹ́ńsáìmù wà, sọ́tọ̀, a ó se ìyókù kí sítáàṣì rẹ̀ rọ̀, bí ó bá tutù díẹ̀, a ó da omi ìṣáájú padà lé e lórí.

Ọ̀nà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń pọn dolo ní Burkina Faso àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Côte d’Ivoire ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ láti ayébáyé. Wọ́n a máa po ọkà híhù mọ́ omi, wọ́n a tilẹ̀ fi omi igi ilá tí ó ń yọ̀ sí i kí ó lè tètè tòrò. Wọ́n a da omi òkè sọ́tọ̀, wọ́n a se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n a sì pa méjèèjì pọ̀ padà. Wọn kò ní òṣùwọ̀n ooru, ìka ọwọ́ ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́. Ìdáhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń wá ti wà nínú ìkòkò tí wọ́n ń gbé mọ́tò kọjá lára rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè takò wá. Ó lè ní ìyá apọntí kò lè kọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọtí ìyá kì í pẹ́ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí ó tó kan, kò mọ́ kedere, ti ọ̀sẹ̀ yìí sì lè yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Òtítọ́ ni ó sọ. Kí a pọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù tí gbogbo rẹ̀ yóò rí bákan náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkòkò mẹ́ta lórí ààrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rí i pé mímú ọkà bàbà hù lọ́pọ̀lọpọ̀ ṣòro, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣòfò. Nítorí náà, wọ́n lo ọkà bàbà àti àgbàdo tí a kò mú hù, wọ́n sì ra ẹ́ńsáìmù láti òkè òkun láti fi ṣe iṣẹ́ tí híhù ì bá ṣe. A ti ilẹ̀kùn mọ́ báálì, ẹ́ńsáìmù gba fèrèsé wọlé. Họ́ọ̀pù, òdòdó tí ó ń mú bíà korò, kò ṣíwọ́ láti máa wá láti òkèèrè. Àwọn olùkọ́ ní yunifásítì wa dán ewúro àti orógbó wò dípò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìkorò wọn tó, pé orógbó tilẹ̀ lè dí àwọn kòkòrò tí ń ba ọtí jẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òórùn họ́ọ̀pù kò sí nínú wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò sì kọ họ́ọ̀pù sílẹ̀ nítorí wọn. Ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ohun tí ọmọ aṣẹ́gità mọ̀ ni àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú gbàgbé.

Kì í ṣe pé òfin náà já sí asán. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn padà fún báálì, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò ilé-iṣẹ́ mọ́. Ó ti rí àgbẹ̀ tí ó ń gbìn ín fún títà, ó sì ti rí ahọ́n tí ó mọ̀ ọ́n. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni ti Guinness. Èyí tí wọ́n ń pọn ní Nàìjíríà, ọkà bàbà àti àgbàdo wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú omi èròjà kan tí ó ń ti Dublin wá láti fún un ní àwọ̀ àti ìtọ́wò tirẹ̀. Ó le ju ti ilẹ̀ Ireland tí a ń fà láti inú àgbá lọ, ó sì dùn yàtọ̀. Lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Lọ́ńdọ̀n, tí ọ̀nà wọn kò jìn sí Dublin, tí wọ́n máa ń wá ìgò tí a kọ Nàìjíríà sí lára, tí wọ́n sì ń sanwó lé e. Ìfarawé ti di ojúlówó. Ohun tí a bẹ̀rẹ̀ nítorí àìní ti di ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ ènìyàn nílẹ̀ òkèèrè.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò mọ sí orí ọtí. Ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọkà híhù wúlò fún ẹ̀kọ ọmọdé bí ó ti wúlò fún ọtí. Bí a bá po ìyẹ̀fun ọkà híhù díẹ̀ mọ́ ògì gbígbóná, ògì náà yóò rọ̀, yóò sì dùn, tí ọmọ fi lè mu púpọ̀ nínú rẹ̀ láìkún inú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìmọ̀ kan náà ni, ìyá kan náà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyìn kò jìnnà sí Adó, níbi tí yunifásítì àti pólì wà, tí a sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ nípa oúnjẹ. Kò sí ohun tí ó dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti mú ìwé àti òṣùwọ̀n ooru, kí ó lọ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan, kí ó wo bí ó ti ń wọ́n omi sí ọkà, kí ó kọ ọjọ́ tí ó lò, iye omi tí ó lò, àti ìdí tí ó fi ní kí a má ṣe fi ọwọ́ kan án lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Ohun tí àwọn apọntí ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣe kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà títí. Ilé kan ń ṣófo, ìkòkò kan ń fọ́, kò sì sí òfin ìjọba tí yóò rán ni lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà bí ti ọdún 1988.

Àwọn apọntí mọ̀ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni a fi ń mú ti òní hó. Bí obìnrin kan bá fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò kú, yóò sì ní láti mú igbá lọ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Títí ẹnì kan bá ṣì wà ládùúgbò tí ó ń pọntí, ìtọrọ náà kò le. Ìgbà tí kò bá sí ẹnì kankan mọ́ ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀.